Àpótí Ẹni Tó Sè É

N kò ka iye àwòṣe tí mo wò kí n tó rí ọ̀kan tí kò fi dandan béèrè ojú mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oṣù méjì gbáko ni mo fi wá a, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn ènìyàn ní Ìkìrun, nítòsí ojú irin àtijọ́. Bí iṣẹ́ bá ti dáwọ́ dúró, tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó mú iṣẹ́ àṣekágbá wá, tí kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe káàdì ìgbéyàwó, màá yí àga mi kí ẹ̀yìn mi lè kọ ògiri, kí ojú mi sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni màá tó ṣí kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe máa ń jókòó nìyẹn láti ọdún pípẹ́. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mo ń pè ní àwòṣe. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè é ní tẹ́ńpílétì. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ lórí ayélujára kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹnì kan ti kọ́ ilé náà sílẹ̀. Ó ti la yàrá, ó ti gbé fèrèsé sí i, ó ti kùn ún ní ọ̀dà. Tìrẹ ni pé kí o kó ẹrù wọlé. Ṣùgbọ́n kí ilé má baà ṣófo lójú ẹni tó wá wò ó, onílé á kọ́kọ́ kó ẹrù ayédèrú sí i: àwòrán àwọn tí o kò rí rí, ìròyìn tí kò ṣẹlẹ̀, orúkọ àwọn òǹkọ̀wé tí ẹnikẹ́ni kò bí. Ẹrù yìí là ń pè ní dẹ́mò. Kí o kó gbogbo rẹ̀ dànù ni iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Mo fẹ́ràn láti máa wò wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá ṣí àwòṣe kan, mo máa ń bi ara mi pé irú ilé wo ni ẹni tó ṣe é ń gbé. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé gbogbo àwọn tó wà nínú àwòrán rẹ̀ ló wọ ẹ̀wù òtútù tó kan orúnkún. Ó ní ibì kan tí ó ti ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Mo tẹ Ìnísà sí i láti dán an wò, ó sì ya yìnyín sórí Ìnísà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Òmíràn dára lójú, àmọ́ yàrá tó ṣe fún àkọlé kò gùn. Àkọlé Yorùbá wọ ibẹ̀, ó ku ìdajì síta bí ẹsẹ̀ ọmọ gíga lórí ẹní. Òmíràn kò mọ àmì ohùn wa rárá. Ibi tí mo bá ti tẹ lẹ́tà tó ní àmì sí i, á fi ihò kékeré kan sí i. Nítorí náà mo ní gbólóhùn kan tí mo fi ń dán gbogbo wọn wò: "Ẹ̀ṣọ́ ọjà Ọlọ́ọ̀fẹ́ẹ́ wọ ẹ̀wù ọ̀ṣọ́." Kò ní ìtumọ̀ gidi kan, àmọ́ àwòṣe tó bá gbé e láìfọ́ ti yege nìyẹn.

Èyí tó yege náà ṣì máa ń bà mí nínú jẹ́ ní ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni àpótí kan máa ń wà, róbótó bí ojú awò, tí ó ń béèrè orúkọ ẹni tó kọ ìròyìn, ìlú rẹ̀ àti àwòrán ojú rẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀ lófìfo, á fa ìlà pupa yí i ká, kò sì ní jẹ́ kí n tẹ̀ síwájú. Màá ti àwòṣe náà pa, màá wá òmíràn.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo ṣì kéré sí èyí, mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú tí n kò ní dárúkọ. A ń tẹ ìwé ìròyìn olójú-ewé mẹ́jọ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Lásísì, ọmọ Ìbà, la jọ ń to lẹ́tà, a sì ń kọ ìròyìn bí ọ̀gá bá gbà wá láàyè. Ní ọ̀sẹ̀ kan, mo kọ ìròyìn nípa ààlà ilẹ̀ tí ìdílé méjì ń jà sí. N kò fi orúkọ sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tí ó jáde, àwọn ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú àdá àti pónpó. Inú yàrá tí a ń kó bébà sí ni mo wà. Mo dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àwọn bébà tí a kò tíì tú. Ẹsẹ̀ wọn ni mo ń rí lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn: "Ta ló kọ ọ́?"

Lásísì ní òun kọ́. Òótọ́ ló sọ, wọ́n kò sì gbà á gbọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣe déédéé mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi ni mo kọ ọ́, n kò sì dìde.

N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Mo padà sí Ìkìrun, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo sì pinnu pé ìwé ẹlòmíràn nìkan ni màá máa tẹ̀, pé orúkọ mi kò ní hàn lórí ohunkóhun mọ́. Kódà pátákó ṣọ́ọ̀bù mi, "Ìtẹ̀wé Kíákíá" ni mo kọ sí i.

Màmá Tíṣà ló fà mí jáde. Obìnrin Ìnísà ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó máa ń mú ìwé ìròyìn ìjọ wọn wá fún mi láti tẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ó ní òun fẹ́ ìwé ìròyìn tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun á máa kà lórí fóònù, kí wọ́n lè mọ ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, kànga tó gbẹ àti ilé-ìwé tí afẹ́fẹ́ ká òrùlé rẹ̀. Ti Ìkìrun, Ìnísà àti Òkúkù ló fẹ́ kí ó jẹ́. Ó ti sọ ọ́ lórúkọ pàápàá: Ìlú Mẹ́ta. Èmi ni màá wá àwòṣe, èmi ni màá sì máa kọ ọ̀pọ̀ ìròyìn rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kejì tí mo ti ń wá a, ó pè mí.

"Kámọ́rù, o ò tíì rí i?"

"Mo ṣì ń wá a, mà."

"Ṣé ìyàwó lò ń wá ni? Kí ló ṣe èyí tó o fi hàn mí lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Ó béèrè àwòrán mi, mà."

"Kí o fún un. Ṣé o burẹ́wà ni?"

Ó mọ díẹ̀ nínú ìtàn mi. Ó ní kí n máa wá a lọ, ṣùgbọ́n kí n yára.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nílẹ̀. Àwòṣe ìwé ìròyìn máa ń ní ìlà kan lókè tí a ń to orúkọ ẹ̀ka sí. Mo to Ìkìrun, Ìnísà, Òkúkù, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn díẹ̀ lórí Wásáàpù kí wọ́n bá mi wò ó. Àwọn ará Òkúkù béèrè ohun tí wọ́n ṣe tí a fi to wọ́n sí ìdí. Àwọn ará Ìnísà ní ọmọ Ìkìrun ni mo jẹ́, abájọ. Mo ṣàlàyé pé bí á bí dí ni mo ṣe tò ó. Ẹnì kan dáhùn pé ọmọ Ìkìrun náà ló to á bí dí nígbà náà.

Bí mo ṣe dé orí àwòṣe ilé oúnjẹ nìyẹn. N kò wá a. Wíwò ni mo ń wò kiri. Oníbúkà kan níbì kan ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún, ọ̀fẹ́ sì ni. Oúnjẹ tí wọ́n bá sè lónìí á gòkè wá sí ipò kìíní, tó bá dọ̀la òmíràn á gòkè. Mo tẹjú mọ́ ọn. Mo ní, bí ó bá lè mọ ọjọ́ ẹ̀wà yàtọ̀ sí ọjọ́ ìrẹsì, kí ló dé tí kò ní mọ ọjọ́ ọjà? Mo yọ oúnjẹ kúrò, mo fi ìlú mẹ́ta sí i, mo sì kọ ọjọ́ ọjà ìlú kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ títí dé òpin ọdún. Ìlú tí ó bá ń ná ọjà lónìí ni yóò wà lókè. Ẹnikẹ́ni kò tún bá wa jà. Àwọn ìyá kan tilẹ̀ ń ṣí i láti fi mọ ọjọ́ ọjà.

Ó gbé gbólóhùn ìdánwò mi láìfọ́. Nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀, mo rí àpótí róbótó náà, ṣùgbọ́n ojú alásè ni tìrẹ ń béèrè. Ohun tó kọ sórí rẹ̀ lédè Òyìnbó kò ju "ẹni tó sè é" lọ. Mo fi í sílẹ̀ lófìfo, mo tẹ bọ́tìnnì, mo sì ń retí ìlà pupa. Kò sí ìlà pupa. Ó jẹ́ kí n kọjá. Mo nu ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí àpótí, ó ku ihò róbótó tí kò sọ nǹkan kan. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó rí ilé tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí.

Ìlú Mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ dáadáa. Màmá Tíṣà ṣe òfin kan nípa ìkéde òkú, nítorí ó ti rí ibi tí àwọn ènìyàn ti fi ọ̀rọ̀ ikú ṣeré lórí fóònù. Kò sí ẹni tí a máa kéde ikú rẹ̀ àfi bí ọmọ rẹ̀ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ojú tirẹ̀, kí a lè mọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Àwòrán ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ hàn síta. Inú àpamọ́ ló máa ń wà.

Ìyìọlá fi ìkéde ìyá rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ Òkúkù ni. Ó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe, kò sì sí ọjà kan láti Ìkìrun títí dé Ìgbàyè tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ ti dàgbà gan-an, ikú ọlá ni. Ó fi àwòrán ìyá ránṣẹ́, ó sì fi tirẹ̀ kún un gẹ́gẹ́ bí òfin wa, níbi tó ti dé fìlà, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Mo to ìkéde náà, mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà mi, ó mọ́ lójú. Mo gbé e jáde, mo sì lọ jẹun.

Ohun tí n kò mọ̀ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹni tó ni àwòṣe fi àtúnṣe ránṣẹ́. Irú rẹ̀ máa ń wá. A máa ń tẹ̀ ẹ́ pé a gbà láì kà á. Nínú àtúnṣe yìí, wọ́n ti pinnu pé àpótí alásè kò gbọdọ̀ ṣófo mọ́. Bí ó bá ṣófo, kí àwòṣe wá ojú tó wà nítòsí, ìbáà jẹ́ nínú àpamọ́, fi dí i. Lórí kọ̀ǹpútà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni àpótí yìí wà, n kò sì wo ibẹ̀. Lórí fóònù, ó ti gòkè wá sórí ìkéde, ó fẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Gbogbo àwọn tó ń kà wá ló sì ń lo fóònù. Ohun tí wọ́n rí ni àkọlé pé "Ó Ti Lọ Sinmi", ojú Ìyìọlá gbàgàdà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ìyá rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, kékeré, bí ẹni tó wá kí i.

Màmá Tíṣà pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ rọra jáde.

"Kámọ́rù, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí o máa lọ sílé. Má wá sí Ìnísà lónìí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, mà?"

"Àwọn kan wá láti Òkúkù. Wọ́n ń béèrè ẹni tó ṣe é. Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni."

Ó ti pa fóònù. Mo jókòó, ẹ̀yìn mi kọ ògiri. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà, ibi tí ilẹ̀kùn kò ti kan ilẹ̀ dáadáa, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń rí. N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé mo ti kó kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ láti lọ sílé. Nígbà tí mo dé ẹ̀bá títì, mo sọ fún ọlọ́kadà pé Ìnísà ni mò ń lọ.

Àwọn mẹ́fà ló wà ní pálọ̀ Màmá Tíṣà. Ìyìọlá jókòó sí ìpẹ̀kun, ó dé fìlà inú àwòrán náà gan-an. Ojú Bọ́sẹ̀, ìyàwó rẹ̀, wú. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni àbúrò ìyá tó kú, bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Rélùwéè, nítorí iṣẹ́ ojú irin ló ṣe jẹun.

"Ìyá olùkọ́," bàbá náà ń wí, "a bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ó dáa. Ẹ gbé fóònù yín, kí ẹ fi bí ẹ ṣe ṣe é hàn wá."

Màmá Tíṣà yọ fóònù rẹ̀ nínú àpò Bíbélì. Ó gbé fóònù náà dorí kodò. Ó wò ó títí, ó wá rọra yí i padà.

"A ti rí i," ni Bàbá Rélùwéè wí. "Ta ló ṣe é?"

Ẹnu ọ̀nà ni mo ṣì dúró sí. Ẹsẹ̀ mi kan wà níta.

"Èmi ni," mo wí.

"Kí ló wí?"

"Èmi ni, bàbá. Kámọ́rù Àjàní ni mí. Ìkìrun ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Màmá Tíṣà di ojú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo sọ ti àpótí, mo sọ ti alásè, mo sọ ti àtúnṣe. N kò rò pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ yé. Ìyàwó Ìyìọlá dá mi dúró.

"Ìgbàyè ni mo wà," ó wí. "Mo lọ ra epo. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣí fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì mí mú. Ó ní kí n mọ́kàn le. Wọ́n ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n ti bu omi sí mi lórí, mi ò sì mọ nǹkan tí mo ṣe."

"O ò pe ọkọ rẹ ni?" Màmá Tíṣà béèrè.

"Mo pè é, mà. Fóònù rẹ̀ ti kú."

"Abẹ́ ẹ̀rọ ni mo wà," ni Ìyìọlá wí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Bàbá Rélùwéè gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó kọjú sí mi. "O ní àpótí tìrẹ ló ṣófo tó fi lọ mú ojú ọmọ ọlọ́mọ. Kí ló dé tó fi ṣófo?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, bàbá."

"Ẹ̀rù kí ni?"

Mo wo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. "Ẹ̀rù irú èyí, bàbá."

Ìyàwó Ìyìọlá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi ìborùn bo ẹnu, kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń mì. Ṣùgbọ́n bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn kò wá jà, àwọn kò sì wá gba owó. Ó ní ẹni tí wọ́n bá kéde ikú rẹ̀ kò lè fi fóònù sọ pé òun kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbọdọ̀ fi sọ ọ́, lójú ọjà. Ẹni tó kéde rẹ̀ á sì bá a rìn.

"Ìwọ lo fi fóònù pa á," ó wí. "Ìwọ ni wàá fi ẹsẹ̀ jí i. Ọ̀túnla ni ọjà wa."

Mo ní mo ti gbọ́. Láàárín ọjọ́ méjì náà, n kò jẹun yó. Rírìn láàárín ọjà, kí a máa nawọ́ sí mi fún gbogbo ènìyàn pé èmi ni mo kọ ọ́, ohun tí mo ti ń sá fún láti gbogbo ọdún wọ̀nyí gan-an nìyẹn. Màmá Tíṣà ní òun lè bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí ó má ṣe é.

Ìyìọlá pàdé mi lẹ́bàá ojú irin ní Òkúkù láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ lo dà bí òkú nínú àwa méjèèjì," ó wí.

A wọ ọjà. Obìnrin tó kọ́kọ́ rí wa fi igbá ata sílẹ̀, ó sẹ́yìn. Ìyìọlá kí i ní orúkọ. Obìnrin náà bu ẹ̀pà sínú ìwé, ó nà án sí i láti òkèèrè.

"Jẹ ẹ́ kí n rí i."

Ìyìọlá jẹ ẹ́. Ó rún un dáadáa, ó la ẹnu fún un pé ó ti gbé e mì.

"Ẹ̀rọ mi tó o gbé lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?" obìnrin náà wí. "Mo ti ń sunkún ẹ̀rọ."

"Èmi ni mo kú, ẹ̀rọ lò ń sunkún."

"Ẹ̀rọ tuntun ti wọ́n. Ọkọ Bọ́sẹ̀, mo sunkún ìwọ náà díẹ̀."

Níbi tí a bá dúró sí, Ìyìọlá á fa ọwọ́ mi. "Ẹni tó pa mí rèé," á wí, màá sì sọ orúkọ mi àti àṣìṣe mi. Àwọn kan ṣépè díẹ̀, àwọn kan ní kí n rọra máa ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ní ẹ̀mí rẹ̀ ti gùn sí i nìyẹn. Mo ń kúnlẹ̀, mo ń dìde. Síbẹ̀ mo ń wo ibi tí mo lè gbà sá jáde láàárín ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a dé ìsọ̀ àwọn oníṣu, ọkùnrin kan dìde. Ó ń fi àdá gé ìtàkùn ara iṣu, àdá náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sún mọ́ mi.

"Ìwọ lo máa ń kọ ọ́?"

Ohùn inú ilé ìtẹ̀wé yẹn ni mo gbọ́. Ìyìọlá ti lọ síwájú díẹ̀, kò sí ẹni tó dì mí mú.

"Èmi ni mo kọ ọ́," mo wí.

"Èmi náà ń kà á. Ọmọ mi ló ń kà á sí mi létí." Ó fi àdá náà nawọ́ sí ìhà oko. "Afárá onígi tí à ń gbà kọjá ti wó. Iṣu wa ń jẹrà lódìkejì odò. Ṣé o lè kọ ìyẹn náà?"

Mo ní mo lè kọ ọ́. Mo wá pẹ́ńsùlù, àmọ́ àdá náà ni mò ń wò, n kò fa lẹ́tà kan. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo àdá ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó fa àpótí kan fún mi láti jókòó, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a parí, Ìyìọlá fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán mi lẹ́bàá àwọn ẹ̀rọ tó ń tún ṣe. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín. N kò lè ṣe é. Ó ní kò burú, alásè tó ń rẹ́rìn-ín jù, ọbẹ̀ rẹ̀ kì í ní iyọ̀. Mo padà sí Ìkìrun, mo gbé àwòrán náà sínú àpótí, mo tẹ orúkọ mi sí i. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ "òǹkọ̀wé" sórí rẹ̀. Mo wá rántí ìbéèrè "Ta ló ṣe é?" ní pálọ̀ Màmá Tíṣà, mo dá ọ̀rọ̀ alásè náà padà lédè wa: Ẹni tó sè é, Kámọ́rù Àjàní, Ìkìrun. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé ohunkóhun jáde láì kọ́kọ́ wò ó lórí fóònù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, n kì í sì í gba àtúnṣe láì kà á dé ìsàlẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́ ẹni tó bá bi mí nípa iṣẹ́ yìí nìyẹn: àyè tí o bá fi sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù kì í ṣófo pẹ́, ojú ẹlòmíràn ló máa ń wọ ibẹ̀.

Ìròyìn afárá náà ni àkọ́kọ́ tó jáde pẹ̀lú ojú mi. Ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, mo gbé fóònù mi, mo lọ sí Ìbà.

Lásísì ń sin adìyẹ níbẹ̀. A máa ń kí ara wa nígbà ọdún, ṣùgbọ́n a kì í sọ̀rọ̀ ilé ìtẹ̀wé. Mo fi ìwé ìròyìn náà hàn án. Ó fi ọwọ́ òsì gbé fóònù, ó fi ọ̀tún tó ti ká kò gbá a mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ka gbogbo rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó dé ibi àpótí.

"Ojú rẹ ti gbó," ó wí.

"Lásísì, ọjọ́ yẹn, mo wà lẹ́yìn bébà."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Èmi ni mo rán ọ lọ mú bébà. Ibo ni ǹ bá rò pé o wà?"

Adìyẹ kan gun orí àga, Lásísì lé e sọ̀kalẹ̀.

"O ò sọ fún wọn," mo wí.

"Ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n béèrè. Wọn ò béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn bébà." Ó tún gbé fóònù náà sún mọ́ ojú, ó ń fi àtàǹpàkò òsì yí i lọ sókè, níbi tí a to orúkọ ìlú sí.

"Ìkìrun, Ìnísà, Òkúkù," ó kà á. "Ìbà ńkọ́?"

"Ìlú Mẹ́ta ló ń jẹ́."

"Ta ló ní kí ó jẹ́ mẹ́ta? Ọwọ́ òsì mi ń tẹ fóònù dáadáa. Èmi á máa kọ ti Ìbà ránṣẹ́. Kí ẹ fi ojú mi sí i, kí ẹ má lọ fi tìrẹ dí i."

Màmá Tíṣà ti gbà. Àmọ́ àwòṣe ilé oúnjẹ yẹn, àyè oúnjẹ mẹ́ta péré ló ní, kò sì gba ìkẹrin. Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ní Ìkìrun. Lánàá, mo rí ọ̀kan tó dára. Ó gbé gbólóhùn ìdánwò mi, ó ní àyè ìlú mẹ́fà. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ó béèrè ojú mi, ó sì fa ìlà pupa yí i ká. Mo fún un.